Ṣé Ikú Ẹnìkan Ló Dá Ogun Àgbáyé Kìíní Sílẹ̀?

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá gbé e pé orílẹ̀-èdè kan ti ju bọ́ǹbù sí òmíràn, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọ ọ́ káàkiri pé Ogun Àgbáyé Kẹta ti dé. Ẹnìkan á ní ṣebí báyìí náà ni ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọba kan, ni gbogbo ayé bá gbaná. Ẹlòmíràn á wá béèrè pé báwo ni ikú ọmọ ọba kan, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣe máa mú kí ará Jámánì àti ará Faransé máa pa ara wọn, kí ọmọ Íńdíà lọ kú sí Bẹ́ljíọ̀mù, kí aláàárù ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà sì kú sínú igbó láìmọ ohun tí ìjà dá lé. Ìbéèrè yẹn dáa. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un ni kò tó.

Ohun tí mo rí sí i nìyí: ìbọn tó dún ní Sarajevo pa èèyàn méjì. Ohun tó pa àwọn mílíọ̀nù tó kù ni ohun tí àwọn ọba, mínísítà àti ọ̀gágun ṣe, àti èyí tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, láàárín ọjọ́ 37 tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é dá dúró, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀?

Ogun àgbáyé ni ogun tí àwọn alágbára ayé ń jà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti lórí òkun lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi tí ìjà ti ṣẹ̀ náà yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀. Nígbà tí eléyìí ń lọ lọ́wọ́, Ogun Ńlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Ó dìgbà tí òmíràn bẹ́ sílẹ̀ ní 1939 kí "Kìíní" tó mọ́ ọn lára. A kì í kúkú pe ọmọ ní Táíwò kí Kẹ́hìndé tó dé.

Ìmùlẹ̀ ni àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè pé bí wọ́n bá kọlu ọ̀kan, èkejì yóò dìde. Ó jọ kéèyàn ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yáwó. Lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ kàn ṣe oore ni. Ọjọ́ tí kò bá rí owó san lẹ ó mọ̀ pé gbèsè yín ni.

Pípe ogun jáde ni kí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin tó ti kọ́ṣẹ́ ológun, tó sì ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe àgbẹ̀, tíṣà tàbí alágbẹ̀dẹ, wá wọ aṣọ ogun, kí wọ́n sì kó wọn lọ sẹ́nu ààlà. Kò tíì di ogun. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń jà lójúde, tí ọ̀kan sáré wọlé lọ mú àdá, tá ni yóò dúró wò ó bóyá ó kàn fẹ́ fi dẹ́rù bani ni?

Dídá ìbọn dúró ni kí àwọn tó ń jà gbà láti má yìnbọn mọ́. Kì í ṣe àlàáfíà. Àlàáfíà ní ìwé tirẹ̀, ìwé yẹn ló sì fa wàhálà lẹ́yìn náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Sarajevo?

Ní ọdún 1914, Bosnia wà lábẹ́ Austria-Hungary, ilẹ̀ ọba ńlá kan tó kó oríṣiríṣi ẹ̀yà àti èdè sábẹ́ ọba kan ṣoṣo, Franz Joseph. Ọba náà ti lé ní ẹni 80 ọdún. Franz Ferdinand, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, òun àti Sophie ìyàwó rẹ̀ wá ṣe àbẹ̀wò sí Sarajevo, olú ìlú Bosnia, nínú mọ́tò tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan ti ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kí Bosnia bọ́ lọ́wọ́ Austria, kí àwọn ẹ̀yà Slav ibẹ̀ wà pọ̀ ní ilẹ̀ tiwọn. Ọwọ́ ẹgbẹ́ awo kan tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Dúdú, tí àwọn ọ̀gá ológun Serbia, orílẹ̀-èdè tó bá Bosnia pààlà, wà nídìí rẹ̀, ni ìbọn àti bọ́ǹbù wọn ti wá. Ọ̀kan nínú wọn, Čabrinović, kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù. Bọ́ǹbù náà ta lára mọ́tò ọmọ ọba, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bú gbàù lábẹ́ mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Čabrinović gbé májèlé mì, ó bẹ́ sínú odò Miljacka. Májèlé ò pa á, odò ò sì jìn. Wọ́n fà á jáde.

Ó yẹ kí àbẹ̀wò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n kí i káàbọ̀, ó wá ní òun fẹ́ lọ wo àwọn tó fara pa ní ọsibítù. Wọ́n yí ọ̀nà padà nítorí ewu. Ẹnìkankan ò sọ fún awakọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ Afárá Latin, awakọ̀ yà sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ètò àtẹ̀yìnwá, gómìnà ké mọ́ ọn pé kì í ṣe ibẹ̀, ó tẹ bíréèkì kó lè padà sẹ́yìn. Iwájú Gavrilo Princip, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, gan-an ni mọ́tò náà dúró sí. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọmọ ọba àti ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ: Franz Ferdinand yìí wà lára àwọn tó ń dá àwọn ọ̀gágun Austria lẹ́kun pé kí wọ́n má bá Serbia jagun. Ẹni tí ì bá ní kí wọ́n ní sùúrù ni wọ́n pa.

Kí ni Austria àti Serbia ní sínú síra wọn?

Lọ́dún 1908 ni Austria-Hungary sọ Bosnia di tirẹ̀ pátápátá. Inú Serbia ò dùn sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Serb ń gbé ní Bosnia. Nígbà tó sì di 1912 àti 1913, Serbia jagun lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i, àyà àwọn alágbára Vienna, olú ìlú Austria, wá ń já. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ni pé bí ẹ̀yà kan bá lè já ara rẹ̀ gbà, gbogbo àwọn tó kù nínú ilé ló máa béèrè tiwọn. Nítorí náà, ikú ọmọ ọba jẹ́ ọ̀fọ̀ fún wọn, ó sì tún jẹ́ àyè tí àwọn kan nínú wọn ti ń wá.

Ta ló bá ta mulẹ̀?

Jámánì àti Austria-Hungary ti mulẹ̀ láti 1879, Ítálì sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1882. Ní òdìkejì, Faransé àti Rọ́ṣíà so pọ̀ ní 1894, nítorí pé àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù Jámánì tó wà láàárín wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yanjú aáwọ̀ tó wà láàárín òun àti Faransé ní 1904, ó yanjú ti Rọ́ṣíà ní 1907, ṣùgbọ́n kò buwọ́ lùwé pé òun yóò gbèjà ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìwé tí ó buwọ́ lù ni ti 1839, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù jagun. Jámánì náà wà nínú ìwé yẹn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń dúró sí: wọ́n á ní ìmùlẹ̀ ló fà á, bí ọ̀kan ti ń ṣubú ló ń fa èkejì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ítálì mulẹ̀, kò jáde. Ó ní Austria ló lọ bá ẹlòmíràn jà, wọn ò kọlu Austria, nítorí náà àdéhùn ò kan òun. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 1915, ó tilẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ ò bá Serbia ṣe ìwé kankan tó fi di dandan kó jà, ó sì jà. Ìwé lásán kì í mú ẹnikẹ́ni jagun, àfi bí ọkàn rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni mọ̀lẹ́bí ni àwọn ọba wọ̀nyí. Ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Victoria ni Wilhelm Kejì ti Jámánì àti George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ìyá George àti ìyá Nicholas Kejì ti Rọ́ṣíà. Nígbà tí ogun ku ọ̀la, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Wilhelm àti Nicholas fi ń tẹ wáyà síra wọn, wọ́n ń buwọ́ lù ú ní "Willy" àti "Nicky".

Kí ni wọ́n fi ọjọ́ 37 ṣe?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Keje, ohun tó gba iwájú ìwé ìròyìn ní Paris ni ẹjọ́ Henriette Caillaux, ìyàwó olóṣèlú ńlá kan tó yìnbọn pa olóòtú ìwé ìròyìn Le Figaro. Ní London, ọ̀rọ̀ Ireland ni wọ́n ń jà lé. Ní Austria, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ti gba ìsinmi lọ sílé láti lọ kórè oko.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù Keje, Austria ti rán ẹni lọ sí Berlin láti béèrè pé bí àwọn bá bá Serbia wọ̀yá ìjà, ṣé Jámánì yóò dúró ti àwọn. Wilhelm ní òun yóò dúró, ohun yòówù kó dé. Àwọn òpìtàn ń pe èyí ní ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ti buwọ́ lù láìkọ iye sí. Ẹ wò ó bí ẹni fi irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ lé ẹni tí inú ń bí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Wilhelm wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó lọ gbafẹ́ ní etíkun Norway.

Austria wá kọ ìwé gbèdéke sí Serbia, ohun 10 ni wọ́n sì béèrè. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú títí di ọjọ́ 23 oṣù Keje, ọjọ́ tí Ààrẹ Faransé, Poincaré, tó wà lálejò ní Rọ́ṣíà, máa wọkọ̀ padà sílé, kí òun àti Nicholas má baà jókòó pọ̀ gbìmọ̀. Wákàtí 48 ni wọ́n fún Serbia. Ní ọjọ́ 25, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo 6 ìrọ̀lẹ́ lù, ni Pašić, olórí ìjọba Serbia, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èsì lọ fún aṣojú Austria, Giesl. Wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n kọ̀ pọ́nńbélé ni pé kí òṣìṣẹ́ Austria wá ṣe ìwádìí ìpànìyàn náà lórí ilẹ̀ Serbia. Giesl ti di ẹrù rẹ̀ kí èsì tó dé, aṣọ ìrìn àjò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ka ìwé náà gààràgà, ó ní kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin agogo 6:30 lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, Wilhelm tó ti dé láti ibi ìgbafẹ́ ka èsì Serbia. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé gbogbo ìdí tó fi yẹ kí ogun wà ti tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Austria tẹ wáyà sí Serbia pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ní Paris, ọjọ́ yẹn náà ni ilé ẹjọ́ dá Caillaux sílẹ̀.

Ìpele tó tẹ̀lé e ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ní ọjọ́ 29, Nicholas buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n pe gbogbo ogun Rọ́ṣíà jáde. Ọ̀gágun Dobrorolsky gbé àṣẹ náà lọ sí ilé iṣẹ́ wáyà ní St. Petersburg, ó dúró ti àwọn tó ń múra àtitẹ̀ ẹ́ sí gbogbo ẹkùn. Tẹlifóònù dún: ẹ dáwọ́ dúró. Wáyà kan ló dé láti ọ̀dọ̀ "Willy", ọkàn "Nicky" sì yí padà. Ó ní apá kan ṣoṣo ni kí wọ́n pè. Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ò gbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá pe apá kan, yóò da ètò gbogbo rẹ̀ rú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n dẹ́rù bà á, ó gbà. Sazonov, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, pe olórí ológun lórí tẹlifóònù láti sọ fún un, ó sì fi kún un pé ó lè fọ́ tẹlifóònù rẹ̀ wàyí, kí ọba má baà rí ẹni bá sọ̀rọ̀ bó bá tún yí ọkàn padà.

Kí ló dé tí wọn ò lè dá a dúró mọ́?

Ọkọ̀ ojú irin ni. Mo mọ̀ pé ó dà bí àwàdà.

Jámánì wà láàárín Faransé àti Rọ́ṣíà. Kò fẹ́ bá méjèèjì jà pa pọ̀, nítorí náà àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò pé bí ogun bá dé, kí àwọn sáré gba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá, kí àwọn ṣẹ́gun Faransé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí àwọn tó kọjú sí Rọ́ṣíà tí ìgbáradì rẹ̀ máa ń falẹ̀. Ètò yẹn kò fàyè gba kéèyàn dúró ronú. Ọjọ́ tí Rọ́ṣíà bá ti pe ogun jáde ni agogo Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ó tó ìrìn 11,000 tí ọkọ̀ ojú irin máa rìn láti kó ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹṣin àti ẹrù wọn. Lórí afárá Cologne, ọkọ̀ kan ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú 10 sí ara wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà nínú ìwé, wákàtí sí wákàtí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tí Jámánì kéde ogun sí Rọ́ṣíà, ìròyìn kan dé láti London tó jọ pé Faransé lè má jà. Inú Wilhelm dùn. Ó ní ó yá, kí wọ́n kó gbogbo ogun lọ sí ìlà oòrùn. Moltke, olórí ológun rẹ̀, ní kò ṣe é ṣe. Ó ní bí wọ́n bá yí ètò yìí padà, èrò rẹpẹtẹ tó gbébọn lọ́wọ́ láìní oúnjẹ ni wọ́n máa di, kì í ṣe ọmọ ogun. Wilhelm dá a lóhùn pé arákùnrin bàbá rẹ̀ ì bá fún òun ní èsì mìíràn. (Moltke àgbà, tó jagun mọ́ Faransé lọ́wọ́ ní 1870, ló ń wí.) Kò pẹ́ tó fi hàn pé ìròyìn London náà kò rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ó yára. Jámánì kéde ogun sí Faransé ní ọjọ́ 3. Ó ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù, Ọba Albert kọ̀, wọ́n wọ ibẹ̀ tipátipá ní ọjọ́ 4. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì na ìwé 1839 jáde. Nígbà tí agogo 11 alẹ́ lù ní London, òun náà ti wà nínú ogun.

Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó ọdún mẹ́rin?

Kò sí ẹni tó rò pé yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà forí ṣánpọ́n ní odò Marne ní oṣù Kẹsàn-án, níbi tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti dá Jámánì padà. Takisí Paris tó tó 600 ló kó nǹkan bí 6,000 ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìhà méjèèjì gbẹ́ yàrà.

Ẹ mọ yàrà: kòtò jíjìn tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Èyí kì í ṣe yíyí ìlú ká. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ààlà Switzerland títí dé etí òkun Bẹ́ljíọ̀mù, nǹkan bí kìlómítà 700, yàrà Jámánì níhìn-ín, yàrà ọ̀tá rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbòmíràn wọn ò jìnnà síra wọn ju kí èèyàn gbọ́ ohùn ẹnìkejì lọ. Láàárín wọn ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà. Ẹ̀yìn wáyà náà ni ìbọn ẹlẹ́rọ wà, tó ń rọ ọta ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá dúró sínú kòtò wà láàyè. Ẹni tó bá jáde láti lọ gba kòtò ẹlòmíràn ló ń kú. Ìdí nìyí tí kò fi tán: ohun ìjà ìgbà náà dáa fún dídábòò bo ara ẹni ju fún ṣíṣíwájú lọ.

Ní odò Somme, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀sẹ̀ kan ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọta àgbá sórí yàrà Jámánì. Wọ́n rò pé kò lè sí ẹni tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Keje 1916, wọ́n jáde. Àwọn ará Jámánì ti sá sínú ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sáré gòkè, wọ́n gbé ìbọn ẹlẹ́rọ wọn kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 19,240 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o. Ìjà Somme tún lọ títí di oṣù Kọkànlá.

Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi láti já yàrà yìí. Afẹ́fẹ́ olóró tí Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní oṣù Kẹrin 1915. Táńkì ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1916. Kò sí èyí tó parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí ló sọ ọ́ di ti àgbáyé?

Ilẹ̀ àmúsìn ni. Lóru tí London kéde ogun, Kánádà, Austrélíà, Íńdíà àti Nàìjíríà ti wà nínú ogun náà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bákan náà ni àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Íńdíà nìkan rán èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ sókè òkun. Faransé kó nǹkan bí 200,000 ọmọ ogun láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn nípá.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó kọ́kọ́ yìnbọn nínú ọmọ ogun tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ní Yúróòpù. Alhaji Grunshi ni, ọmọ ogun láti Gold Coast (Gánà òde òní), ní Tógò, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1914. Jámánì ló ni Tógò nígbà náà, ó sì ní ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan ní Kamina tó fi ń bá àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ lórí òkun sọ̀rọ̀. Kí oṣù tó parí, Tógò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kamẹrúùnù pẹ́ díẹ̀: Douala bọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n àwọn tó sá gun òkè Mora kò juwọ́ sílẹ̀ títí di oṣù Kejì 1916.

Ìlà Oòrùn Áfíríkà ló burú jù. Ọ̀gágun Jámánì kan, Lettow-Vorbeck, ń fi ogun kékeré sá káàkiri igbó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lé e, ọmọ ogun láti Nàìjíríà àti Gold Coast sì wà lára àwọn tó ń lé e. Kò sí ọ̀nà mọ́tò, kòkòrò ń pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà orí èèyàn ni gbogbo ẹrù ń lọ. Àwọn aláàárù ló ru ìrẹsì, ọta, àti ibùsùn ọ̀gágun. Ebi, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn pa wọ́n ju ìbọn lọ: ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì nìkan, nǹkan bí 95,000 aláàárù ló kú gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba. Púpọ̀ nínú wọn kò ní sàréè tó ní orúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé ogun àwọn òyìnbó ni, ẹ rán an létí.

Jàpáànì wọ ogun láti gba ilẹ̀ Jámánì ní Ṣáínà. Ilẹ̀ ọba Ottoman, tí Tọ́kì jẹ́ olórí rẹ̀, wọ ọ́ ní ẹ̀yìn Jámánì, ó sì fi ogun bojú pa àwọn Armenia tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìpakúpa láti 1915. Amẹ́ríkà dúró síta títí di oṣù Kẹrin 1917. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì sì tún kọ̀wé sí Mẹ́síkò ní bòókẹ́lẹ́ pé kó dìde sí Amẹ́ríkà. Aṣírí ìwé náà tú.

Báwo ló ṣe parí?

Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ wó. Ebi àti ìbínú lé Nicholas kúrò lórí ìtẹ́ ní 1917, àwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ kọ́múníìsì Rọ́ṣíà, gbàjọba lọ́dún kan náà, wọ́n bá Jámánì ṣe àlàáfíà ní oṣù Kẹta 1918. Jámánì kó gbogbo agbára rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ó rọ́ lu yàrà, ó já a ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n okun rẹ̀ tán bí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń dé lójoojúmọ́. Wilhelm sá lọ sí Netherlands. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1918, wọ́n buwọ́ lùwé dídá ìbọn dúró nínú kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan nínú igbó Compiègne ní Faransé. Ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ lórí rélùwéè, ó parí lórí rélùwéè.

Nǹkan bí agogo 5 ìdájí ni wọ́n buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n agogo 11 ni wọ́n ní kí ìbọn dákẹ́. Wọ́n tún ń pa ara wọn fún wákàtí mẹ́fà náà. Agogo 11 ku ìṣẹ́jú kan ni ọta ba ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Henry Gunther. Ní Áfíríkà, ọjọ́ 25 oṣù náà ni Lettow-Vorbeck tó kó ìbọn sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun tó kú tó mílíọ̀nù 9 sí 10, ká má tíì ka ará ìlú. Ìwé àlàáfíà tí a ní kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dé ní Versailles ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1919, ó pé ọdún márùn-ún géérégé tí ìbọn dún ní Sarajevo. Ó ní Jámánì àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló jẹ̀bi, kí wọ́n san owó ìtanràn, iye tí wọ́n sì wá dá lé e lórí ní 1921 jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà 132,000 owó máàkì wúrà. Ìbínú owó yẹn wà lára ohun tí Hitler fi fa ojú àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ó ṣẹ́gun Faransé ní 1940, ó ní kí wọ́n lọ gbé kẹ̀kẹ́ ojú irin Compiègne yẹn wá, inú rẹ̀ ni kí Faransé ti buwọ́ lùwé.

Ẹni tó yìnbọn ńkọ́?

Princip kò tíì pé ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ tó yìnbọn, òfin Austria ò sì gbà kí wọ́n pa irú rẹ̀. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ogún ọdún ní Theresienstadt. Ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ eegun apá rẹ̀ títí wọ́n fi gé e. Lọ́dún 1916, dókítà kan tó ń ṣàyẹ̀wò ọpọlọ, Martin Pappenheim, lọ bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Princip ní òun ò lè gbà gbọ́ pé ohun tí òun ṣe ló fa ogun tó tó báyìí, òun ò sì rí àjálù náà bí ẹ̀bi òun. Ó kú sínú ẹ̀wọ̀n náà ní oṣù Kẹrin 1918, ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́fà àbọ̀ kí ìbọn dákẹ́.